Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ọkàn Ẹni Tí Ó Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀ àti Ọkàn Ẹni Tí Ó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, tí dókítà sì ti fi sí orí ẹ̀rọ tí ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, yóò máa lo nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lórí àga ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìlànà tí ó wọ́pọ̀ jù. Bí a bá ṣírò rẹ̀, wákàtí 12 ni nínú wákàtí 168 tí ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gbé mọ̀ pé kì í ṣe wákàtí 12 yẹn ni ó ń tán ènìyàn lókun jù, bí kò ṣe àwọn wákàtí tí ó kù. Ní ọjọ́ tí kò sí ẹ̀rọ ni a máa ń wá owó ti ọ̀la, tí a máa ń ka iye ife omi tí aláìsàn mu, tí a máa ń bá ara wa jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, tí ẹni tí ó ń tọ́jú sì máa ń sunkún ní ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi ń bá ìyá mi lọ sí ibi ìfọ̀jẹ̀ kí wọ́n tó dágbére fún ayé. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí kò lè rọ́pò dókítà. Ìlànà fún inú ilé ni. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: àìsàn ni ó ni ọjọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ó gba àwọn ọjọ́ yòókù mọ́ ọn. Ẹ lè tẹ̀ lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, àmọ́ bí aláìsàn yín bá ti ń sọ pé ayé sú òun, ẹ fo gbogbo ìyókù, kí ẹ lọ ka ìgbésẹ̀ kẹfà ná.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín "ó rẹ̀ mí" àti "ó sú mi"

Èdè wa ti bá wa ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. "Ó rẹ̀ mí" jẹ́ ọ̀rọ̀ ara. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ, ó máa ń rẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn débi pé wọn kò ní lè ṣe ju kí wọ́n sùn lọ títí di alẹ́, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìsoríkọ́. "Ó sú mi" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn: abẹ́rẹ́ sú u, ọbẹ̀ aláìníyọ̀ sú u, àwọn àlejò tí wọ́n ń wo apá rẹ̀ tí ó wú sú u. Ìkẹta ni "ayé sú mi", èyí tí ó léwu jù.

Ìkíni wa ni ó máa ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Bí a bá bi aláìsàn pé "Ara ń kọ́?", ohun tí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni "A dúpẹ́", ì báà ṣe pé kò fi ojú kan oorun láti àná. Ẹni tí ó ń fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde pọ̀ lórí àga ìfọ̀jẹ̀ ju ibikíbi tí mo mọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ tí kò sí ẹ̀rọ, nígbà tí àlejò ti lọ tí ẹ sì ti pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní ìbéèrè méjì tí àwọn dókítà fi ń yẹ ọkàn wò: "Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ǹjẹ́ àwọn nǹkan tí ẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń wù yín ṣe?" àti "Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ǹjẹ́ ọkàn yín máa ń rẹ̀wẹ̀sì, tàbí kí ó máa ṣe yín bí ẹni pé kò sí ìrètí mọ́?" Bí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé nǹkan kò wù ú ṣe mọ́, tàbí pé ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì, ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ náà, ó ti kọjá ìbànújẹ́ tí ó ń wá tí ó ń lọ, dókítà sì ní láti gbọ́ sí i.

Ẹ má ṣe rò pé ilé tiyín nìkan ni. Ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tí wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, fi hàn pé ó lé ní ẹnì kan nínú àwọn márùn-ún tí ó wà lórí ẹ̀rọ tí ó ní ìsoríkọ́ nígbà tí wọ́n bá jókòó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dáadáa.

Ohun tí ẹnu kò sọ, ẹ wá a nínú ìṣe. Baba tí kì í fi ìròyìn òwúrọ̀ lórí rédíò ṣeré ti ń pa á. Ìyá tí kì í jáde láìwé gèlè kò bìkítà mọ́ bóyá irun wọn ṣí sílẹ̀. Ẹlòmíràn ń wá àwáwí láti má ṣe lọ sí ibi ìfọ̀jẹ̀, tàbí kí ó mọ̀ọ́mọ̀ máa jẹ ohun tí wọ́n ní kí ó má jẹ. Agídí ni àwọn ọmọ máa ń pè é, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ara ni ó ń da ọkàn rú

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò ó. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lára, ìfọ̀jẹ̀ tí kò tó iye tí ó yẹ, ara yíyún tí kì í jẹ́ kí a sùn, ẹsẹ̀ tí kì í sinmi ní òru, àti àwọn oògùn kan, gbogbo wọn lè mú kí ènìyàn dà bí ẹni tí ó soríkọ́. Ẹ kọ àwọn àmì náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ fi han dókítà kíndìnrín, nítorí pé nǹkan wà tí ó lè ṣe sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Bí aláìsàn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́, tàbí tí gìrì mú un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsoríkọ́ rárá: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wàràǹṣeṣà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó kúrò nínú ọkàn, kí ẹ fi sínú ìwé

Ní Nàìjíríà, kò sí ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó lè bo ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni agbára wọn kò ká ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe, ẹlòmíràn ẹ̀ẹ̀kan. Aláìsàn sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí ẹ ń bẹ ẹnì kan lórí fóònù ní ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ rà sí ẹ̀yìn ìlú ti di ti ẹlòmíràn. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó jókòó sọ fún un, ọkàn rẹ̀ ni ó fi ń ṣírò, ìṣirò tí ènìyàn bá sì ṣe lórí ìdùbúlẹ̀ ní òru máa ń burú ju ti ojú ìwé lọ. Ibẹ̀ ni "mo ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn" ti ń wá.

Ẹ ra ìwé kan. Ní ojú ewé kìíní, ẹ kọ iye tí ìfọ̀jẹ̀ kan jẹ́, iye oògùn àti abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀, iye ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti iye àyẹ̀wò oṣooṣù. Ní ojú ewé kejì, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ń mú owó wá, iye tí ó ń mú wá, àti ọjọ́ tí ó ń mú un wá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí aláìsàn jókòó níbẹ̀ bí ó bá gbà láti jókòó. Ẹ̀rù bà mí láti ṣe èyí, nítorí mo rò pé iye náà yóò pa ìyá mi. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Mo rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ." Wọ́n sì sùn ní òru ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó parí ìṣirò náà, ẹ rí i dájú pé iye tí ẹ ń san ni iye tí ó yẹ kí ẹ san. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìfọ̀jẹ̀ kan yóò di ₦12,000 dípò ₦50,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, lára èyí tí UCH ní Ìbàdàn, FMC Abẹ́òkúta, FMC Èbúté Mẹ́ta àti LUTH ní Èkó wà. Ẹ lọ béèrè fúnra yín bí ètò náà ṣe ń lọ níbẹ̀, bóyá ààyè wà, àti ohun tí owó náà kó mọ́ra àti èyí tí kò kó mọ́ra. Àwọn òṣìṣẹ́ tún wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé àti owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì júwe ọ́fíìsì wọn fún yín.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni láàárín ọmọ tí ó wà nílé àti ọmọ tí ó wà ní òkè òkun. Ẹni tí ó wà ní Britain ń rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1972 ni ó fi àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró sábẹ́ Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba ibẹ̀. Kò rọrùn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti gbà pé ní ilé, bí owó kò bá wọlé ní òwúrọ̀, kò sí àga ní ọ̀sán. Ọmọ ilé pẹ̀lú kò rí iṣẹ́ òru tí ẹni yẹn ń ṣe kí ó tó rí owó náà fi ránṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé méjèèjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ. Ó máa ń pa ẹnu ìfura mọ́ ju àlàyé lọ.

Ohun tí ó kẹ́yìn nínú èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ mú ọjọ́ kan àti àkókò kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó, bí àpẹẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí ó má ṣe bọ́ sí alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ sí ọjọ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó ní iwájú aláìsàn títí di ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá ipò rẹ̀ padà fún un

Ìyá tí ó ti ń pín ẹran fún ilé fún ogójì ọdún ni wọ́n ń sọ ohun tí yóò jẹ fún lónìí. Baálé tí ó ti ń parí ìjà àdúgbò ni ọmọ rẹ̀ ń bá dá dókítà lóhùn. Àdánù yìí máa ń dun ènìyàn ju abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹ tó fi tiyín kún un. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ilé nílò ní tòótọ́, nítorí àgbàlagbà mọ iṣẹ́ tí a kàn dá sílẹ̀ láti fi tàn án. Kí ó máa ṣa ẹ̀wà, kí ó máa kọ ìwé àjọ, kí ó máa pe àwọn oníbàárà tí wọ́n jẹ gbèsè, kí ó máa gbọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní alẹ́.

Omi ni ó máa ń fa ìjà jù nínú ilé, nítorí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ mọ́ kò lè mu bí ó ṣe wù ú. Dókítà ni yóò sọ iye tí ó kan aláìsàn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ láti orí ìdajì lítà pẹ̀lú iye ìtọ̀ tí ó tọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ìdajì lítà kò ju píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n kọ 50cl sí lára lọ. Ní òwúrọ̀, ẹ da iye náà sínú ìgò kan, kí ẹ fi lé aláìsàn lọ́wọ́, kí ẹ sì jìnnà sí i. Òun ni yóò pinnu ìgbà tí yóò mu ún. Kí ó rántí pé omi inú ọbẹ̀, tíì àti ògì wà nínú ìṣirò náà. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kí ó fi omi yọ ẹnu kí ó sì tu ú dà nù, tàbí kí ó lá yìnyín díẹ̀ tí a ti yọ kúrò nínú iye omi rẹ̀. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nínú ilé ni "Omi tún ni!"

Nípa oúnjẹ, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe se ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ẹni tí ó ń dá jẹun ní kọ̀rọ̀ yàrá nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀ yóò rò pé wọ́n ti yọ òun kúrò nínú ilé. Ẹ se ọbẹ̀ kan fún gbogbo ilé pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ gan-an, láìfi máàgì sí i, kí ẹni tí ó bá fẹ́ iyọ̀ bù ú sórí tirẹ̀ nínú àwo.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ. Àìsàn yìí máa ń gba agbára ọkùnrin, ó sì máa ń mú kí ìbálòpọ̀ má wu obìnrin. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa ń dákẹ́ lé e lórí títí tí ọ̀kan yóò fi rò pé èkejì ti kọ òun. Ẹ bi dókítà léèrè, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti gbọ́ ọ rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Wákàtí mẹ́rin lórí àga, àti àga tí ó ṣófo

Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn lọ sí ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kí ó mú aṣọ ìbora dání, nítorí òtútù máa ń mú wọn lórí ẹ̀rọ. Kí ó mú ohun tí a ń kì bọ etí gbọ́ orin (earpiece) àti fóònù tí ẹ ti gba ìwàásù, orin tàbí eré orí rédíò sí. Ó dára kí ó ní ohun kan tí kì í gbọ́ àyàfi tí ó bá wà lórí àga náà, kí ó lè máa retí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni ara wọn. Àwọn tí wọ́n ń pàdé ní ọjọ́ kan náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ á di ọ̀rẹ́; wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa kọ́ ara wọn ní bí a ṣe ń se iṣu lẹ́ẹ̀mejì, tí a ó da omi àkọ́kọ́ nù. Ìyẹn ni ó sì ń mú kí ọgbẹ́ náà jinlẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá mọ́. Ẹ óò dé ní ọjọ́ kan, ẹlòmíràn yóò wà lórí àga Alhaja tàbí ti Bùrọ̀dá tí ó máa ń tan rédíò sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa sọ pé "ó rin ìrìn àjò" tàbí pé "wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn". Gbogbo àwọn tí ó wà lórí àga mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sunkún ní gbangba.

Ẹ má ṣe bá wọn purọ́ náà. Bí aláìsàn yín bá béèrè, tí ẹ sì mọ̀, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá délé tí ó sì ti sinmi, kí ẹ wá sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ nǹkan tí ó rántí nípa olóògbé náà. Bí ó bá fẹ́, ẹ bá a fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìdílé rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni "Ṣé èmi ni ó kàn?" Ẹ kò lè dáhùn ìyẹn, ẹ má sì díbọ́n pé ẹ lè dáhùn rẹ̀. Ẹ lè sọ pé, "Mo mọ̀ pé ó bà yín lẹ́rù. Ó bà mí náà. Mo wà níbí."

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tí ó bá ní ayé sú òun

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ." "Bí mo bá kú, ẹ̀yin náà á sinmi." Nígbà tí a bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, kíá ni ẹnu wa máa ń yá: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" "Ẹ fi ẹnu yín sọ rere!" Ìfẹ́ ni a fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu aláìsàn ni a fi ń pa dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi. Wọn kò sọ ọ́ ní ìgbà kẹrin, mo sì rò pé ọkàn wọn ti balẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí. Ẹ jókòó. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Kí ni ó sú yín jù lọ nínú rẹ̀?" Kí ẹ dákẹ́ títí tí yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ní tààràtà: "Ṣé ẹ ti ń ronú láti gba ẹ̀mí ara yín?" Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn, ara máa ń tu ẹni tí ó ti ń dá a gbé pé ẹnì kan béèrè.

Ìdáhùn rẹ̀ yóò gba ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé ohun kan pàtó ni ó sú u, bí iṣan ẹsẹ̀ tí ó ń sún kì lórí ẹ̀rọ tàbí nọ́ọ̀sì kan tí ó máa ń jágbe mọ́ ọn, èyí sì ṣeé tún ṣe. Ó lè jẹ́ pé ó ti ronú jinlẹ̀, tí kò sì fẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti bá dókítà rẹ̀ sọ ni ìyẹn, ní ojú ẹbí, láìsí igbe; ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìsoríkọ́ wò kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ó bá wà, nítorí ìsoríkọ́ lè máa gba ẹnu ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìkẹta ni pé ó ti ń ronú bí òun yóò ṣe pa ara òun. Bí ó bá jẹ́ èyí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kó oògùn, apakòkòrò àti ohun tí ó mú bí ọ̀bẹ kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí yàrá pàjáwìrì ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá kọ̀ láti lọ fọ ẹ̀jẹ̀ láìsọ ìdí kan, ẹ ka ìyẹn náà sí ìkìlọ̀. Ẹgbẹ́ SURPIN, tí ó ń dènà pípa ara ẹni, tí ó sì wà ní LUTH, àti ẹgbẹ́ Mentally Aware Nigeria Initiative máa ń dá ẹni tí ó wà nínú irú ìdààmú yìí lóhùn. Ẹ wá nọ́ńbà wọn sínú fóònù yín kí ọ̀rọ̀ náà tó dé.

Mo mọ ohun tí yóò dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Bí a bá ti dárúkọ dókítà ọpọlọ, ẹbí á ní, "Ṣé ó ti ya wèrè ni, tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sí Aro?" Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí Aro jẹ́. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà níbẹ̀, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé ní àwọn abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn náà, tí ìbátan kan sì ń bá wọn gbé, tí ó ń se oúnjẹ fún wọn. Kò sí ìjọra láàárín èyí àti ẹ̀wọ̀n tí àwọn ènìyàn ń fọkàn rò. Ìbátan gan-an wà lára ìwòsàn náà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 sì ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń fi orúkọ wèrè pe aláìsàn.

Ìtọ́jú wà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi àwọn tí wọ́n ń gba ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí àga ìfọ̀jẹ̀ wé àwọn tí wọ́n ń lo oògùn ìsoríkọ́ tí ó ń jẹ́ sertraline fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìsoríkọ́ dín kù lára ìhà méjèèjì. Oògùn fi díẹ̀ ṣe dáadáa ju ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó fa ìnira púpọ̀ sí ara ju ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ àti dókítà kíndìnrín mọ̀ nípa ara wọn, nítorí oògùn tí kíndìnrín kò lè gbé jáde máa ń pọ̀ sí i nínú ara. Ẹ má ṣe ra oògùn oorun ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì.

Ìgbésẹ̀ keje: Àdúrà, àgbo, àti "ta ni ó ṣe é?"

Àdúrà máa ń fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní okun, n kò sì rí ìdí tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà náà ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ń fẹ́ àdúrà, kí ó má sì sọ fún aláìsàn pé kí ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Ní oṣù Ramadan, ẹ rán Mùsùlùmí tí ara rẹ̀ kò yá létí pé Kùránì gba aláìsàn láàyè láti má gbààwẹ̀, nítorí ẹ̀rí ọkàn máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú lórí ìyẹn. Ní ti àgbo, kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́ kò lè gbà á, àgbo sì lè ba díẹ̀ tí ó kù nínú agbára rẹ̀ jẹ́. Kí ẹni tí aláìsàn bọ̀wọ̀ fún ni ó bá a sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ tí ó kéré jù. Ní ti ẹni tí ó ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára àwọn ohun tí ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Ẹ má ṣe gba ìjíròrò àwọn ọ̀tá láàyè ní yàrá aláìsàn, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹni tí ó ń gbé oúnjẹ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ka olùtọ́jú mọ́ àwọn tí a ń tọ́jú

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ni ó máa ń bọ́ sí lọ́wọ́: ìyàwó, àkọ́bí obìnrin, tàbí ọmọ tí wọ́n ní kò tíì ní iṣẹ́ gidi. Kò sí ẹni tí ó yàn án. Wọ́n kàn ń bá a lọ ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ṣófo, ó ti gbàgbé ọjọ́ tí ó di irun gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti le sí aláìsàn tí ó fẹ́ràn.

Bí ẹ̀yin bá ni ẹni yìí, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, láti jíjí ní aago mẹ́rin títí dé fífọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé ẹbí láìfi ìbínú sí i. Ẹ béèrè fún ẹnì kejì lórúkọ, nítorí "ẹ ràn mí lọ́wọ́" kì í kan ẹnikẹ́ni pàtó. Kí ẹni náà bá yín lọ sí ibi ìfọ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó mọ oògùn òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́, kí ó mọ̀ pé a kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fa ẹ̀jẹ̀ ní apá tí ojú ìfọ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sí, wà. Ìgbà náà ni ẹ óò lè mú ìdajì ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ó jẹ́ tiyín, tí ẹ ó sì lọ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn náà ṣe ń lọ sí ibi ẹ̀rọ, yálà ó rọrùn tàbí kò rọrùn.

Ẹ lo wákàtí mẹ́rin yẹn pẹ̀lú. Mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹ̀rọ náà yóò dúró bí mo bá dìde. Obìnrin kan tí ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé, "Ẹ lọ sùn nínú ọkọ̀, n ó bá yín wo Màmá. Ní ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó bá mi wo tèmi." Àdéhùn wa kò yẹ̀ títí tí ó fi parí.

Èrò kan máa ń wá sí olùtọ́jú lọ́kàn ní òru: "Kí ó tilẹ̀ parí." Ẹ̀rù ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba fún ẹni tí ó bá ń kà á pé ó ti wá sí èmi náà lọ́kàn. Àárẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ràn ènìyàn yín. Ẹ wá ẹnì kan tí kò ní gbé e dé etí ẹbí, kí ẹ sọ ọ́ fún un. Ìbéèrè méjì tí ó wà ní ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ bi ara yín pẹ̀lú, bí ìdáhùn yín bá sì jọ ti aláìsàn, ẹ̀yin náà ní láti rí dókítà.

Ohun tí ó kù ni ara yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà, ọmọ tí ó ń ti àga ìyá rẹ̀ lè ti máa gbé ohun kan náà rìn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nítorí kíndìnrín, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nígbà tí ó bá ń wọn ti aláìsàn. Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó wọn tèmi. Ó ga ju bí ó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ojú ewé kan ti wà nínú ìwé owó wa tí ó jẹ́ tèmi, tí ìyá mi ń fi ọwọ́ ara wọn kọ nọ́ńbà sí ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá mo ti lo oògùn mi kí wọ́n tó gbà kí wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́.